Bààlúù Ogun àti Owó-Yá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè jọ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, ìgbọ̀wọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọmọ àbúrò mi tí ó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbòkun. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe onígbọ̀wọ́, mo fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́." Mo ní, "Ọjà wo lo fẹ́ rà?" Ó ní kì í ṣe ọjà. Àwòṣe bààlúù ajubọ́ǹbù ni òun fẹ́ kàn, èyí tí òun yóò máa fi rédíò darí láti ilẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Àwa Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló mọ bí a ti ń ta aṣọ láwìn, a sì mọ bí a ti ń gba owó rẹ̀. Ta ni yóò wá san owó bààlúù tí kò lè gbé ènìyàn?

Ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Nígbà Ogun Hitler, 1939 sí 1945, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní bààlúù ńlá kan tí ń jẹ́ Halifax, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, tí ènìyàn méje ń wà nínú rẹ̀ lọ ju bọ́ǹbù lóru. Ọmọ Nàìjíríà kan, Akin Shenbanjo, bá Squadron 76 fò nínú rẹ̀. Òun ni ó ń mójú tó rédíò ọkọ̀ náà, ó sì tún mọ ìbọn yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tìtorí rẹ̀ kọ "Achtung! The Black Prince" sára bààlúù wọn, ìyẹn ni pé, Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ Ọba Dúdú ń bọ̀. Ó gba àmì ẹ̀yẹ DFC. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ: àwọn tí ó kú nínú ẹ̀ka ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ní 55,000. Ọmọ náà ní, "Bàbá, rédíò ni iṣẹ́ tirẹ̀, rédíò ni yóò gbé tèmi náà fò." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí, mo sì fọwọ́ síwèé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á sọ ẹsẹ̀ bàtà kan di íǹṣì kan. Ìyẹ́ Halifax tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 100 láti ìkángun dé ìkángun, nítorí náà ti àwòṣe á lé ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ́ńjìnnì iná kékeré mẹ́rin ni yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, bátìrì ni yóò sì máa bọ́ wọn. Rédíò kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ń darí rẹ̀, ìkejì wà nínú ikùn bààlúù tí ń gbọ́ àṣẹ. Èyí ni ó ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń fa wáyà, kí etí ìyẹ́ àti ìrù máa yí.

Àwòrán tí ọmọ náà rí jẹ́ ti bààlúù ẹsẹ̀ 4. Ó sọ ọ́ di 8, ó sì rò pé ohun gbogbo yóò di ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí gígùn bá di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ àti nínípọn náà á di ìlọ́po méjì. Ìyẹ́ á fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìwúwo á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹrù ìyẹ́ ti pọ̀ jù kí ó tó gbéra. Ó tún gbé bátìrì sẹ́yìn jù. Irú bààlúù bẹ́ẹ̀, bí a bá fi ìka méjì gbé e lábẹ́ ìyẹ́, níbi ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ ìyẹ́ láti etí iwájú, imú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Tirẹ̀, ìrù ni ó tẹ̀. Kò sì dán an wò.

A gbàṣẹ, nítorí òfin Nàìjíríà kò fàyè gba fífi rédíò fo ohunkóhun láìsí ìwé àṣẹ NCAA àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ tí a gbé e jáde, ó sáré, ó gbéra, ó gbé imú sókè, ó dúró lójú òfuurufú bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì já lulẹ̀ gbìì. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta bàjẹ́. Rédíò nìkan ni kò mí kanlẹ̀.

Gbèsè kò já lulẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbàafà mìíràn. Ọmọ náà ń tún fáànù àti fóònù ṣe, ó ń san án lóṣooṣù. Oṣù méjì tí kò rí san, èmi onígbọ̀wọ́ ni mo san án, mo sì ń bínú.

Ibẹ̀ ni ó ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá tọrọ páálí òfìfo. Ó fi páálí àti gọ́ọ̀mù kan bààlúù ẹlẹ́ńjìnnì kan, ẹsẹ̀ 3 péré, ó sì fi rédíò tí ó yè sí i. Ó já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìjábọ́ kọ̀ọ̀kan kò ná an ju páálí lọ. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì bà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ níwájú wa.

Ó ti san gbèsè náà tán. Halifax ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ ni ó sì fi ń ra ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ra méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ará, n kò ní kí ẹ má yáwó, n kò sì ní kí ẹ má ṣe onígbọ̀wọ́ ọmọ yín. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tí a ti mọ̀ ni owó-yá wà fún. Iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, páálí ni ká kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Bí ọmọ yín bá mú ìwé ìgbọ̀wọ́ wá, ẹ bi í pé: "Èyí tí o fi páálí ṣe dà?"