Ohun tí òfin sọ bí ọlọ́pàá bá fẹ́ tú àpò ọmọ yín wò

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, tó dirun, tó sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Sábó lọ sí Ojúẹlẹ́gbà nírọ̀lẹ́, àfàìmọ̀ káwọn ọlọ́pàá má dá a dúró. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kó ṣí fóònù rẹ̀ káwọn wò ó. Ọ̀pọ̀ òbí ní Mushin àti Surulere ló gbà pé ohun kan náà ni méjèèjì, pé òfin fọwọ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọlọ́pàá lè yẹ ènìyàn wò lójú títì láìní ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020, tó rọ́pò ti àtijọ́, fún un lágbára bẹ́ẹ̀, bó bá ní ìdí gidi láti fura pé ẹrù olè tàbí ohun tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́ wà lọ́wọ́ ẹni náà. Ìdí gidi yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí ẹnìkan bá figbe ta ní Ìdí-Òrò pé wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ òun, tó sì júwe ẹni tó já a, ọlọ́pàá tó dá ẹni tó bá àpèjúwe náà mu dúró kò ṣẹ̀ sófin. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ọjọ́ orí ènìyàn, irun orí rẹ̀ àti ìmúra rẹ̀ nìkan kò tó ìdí láti fura sí i. Bó bá sì jẹ́ obìnrin ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ọlọ́pàá obìnrin ló gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ti fóònù yàtọ̀ pátápátá. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, títí kan ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń bá ènìyàn sọ lórí fóònù. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, náà ní adájọ́ ni kí agbófinró lọ bá fún ìwé àṣẹ bó bá ń wá irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, ọ̀gá àgbà pátápátá fún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, kìlọ̀ fún ikọ̀ SARS àti àwọn ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n yé tú fóònù àti kọ̀ǹpútà aráàlú kiri. Ìkìlọ̀ náà ti pẹ́ jù. Ọjọ́ 11 oṣù náà ni wọ́n tú SARS ká nítorí ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀mí aráàlú àti ti ọlọ́pàá kan lọ sí i ní Surulere.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tún ní ààbò tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2007, ní bí wọ́n bá mú ọmọ, lójú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n ti fi tó òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ létí, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò láìjáfara bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló jẹ́ pé ẹnu aládùúgbò ni wọ́n ti ń gbọ́, nígbà tí owó béèlì ti wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni béèlì.

Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ọlọ́pàá láti gbé e débẹ̀. Láti Mushin dé ilé-ẹjọ́ Májísíréètì Yaba kò tó kìlómítà 10, nítorí náà kò sí àwáwí ọ̀nà jíjìn.

Ó rọrùn láti ka gbogbo èyí nínú ìwé. Ó ṣòro láti sọ ọ́ lóru níwájú ẹni tó gbé ìbọn dání. Kí ọmọ má sá, kó má sì bá wọn jà. Kó fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí wọ́n fura sí, kó wo orúkọ tó wà láyà aṣọ wọn, kó sì ní kí wọ́n jẹ́ kóun pe ilé. Bí wọ́n bá mú un dé tẹ́ṣàn, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí òun àti ọlọ́pàá náà sì jọ fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni kí òbí kọ́kọ́ béèrè tó bá débẹ̀.