Àfojúsùn Kì Í Ṣe Ìfẹ́ Ọkàn Lásán: Ẹ̀kọ́ Láti Agége àti Ìkẹjà

 

Ẹ̀yin ará wa, bí ènìyàn bá dúró sí òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà láàárọ̀ kùtù, yóò rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ láti Agége, Dọpẹmu àti Ọgbà. Púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ojúmọ́ tàbí iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni wọ́n ń ṣe. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́, wọn á ní, "A fẹ́ dá dúró," "A fẹ́ kọ́lé," "A fẹ́ lówó." Ìdáhùn náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi wọ́n pé nígbà wo, pé èló ni yóò ná wọn, àti pé kí ni wọ́n ti ṣe sí i lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ wọn yóò dákẹ́. Báyìí ni ọdún kan ń di márùn-ún, tí márùn-ún ń di mẹ́wàá. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ní kí wọ́n máa lọ sílé, kò ní sí ohun tí wọ́n lè nawọ́ sí pé èyí ni èrè gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìfẹ́ ọkàn àti àfojúsùn.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe àníyàn ìrun

Àwa Mùsùlùmí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Hádíísì tí Ímáàmù Nawawi fi ṣí ìwé Ogójì Hádíísì rẹ̀, orí àníyàn ló dá lé. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń ṣe àníyàn ìrun. Ẹni tó fẹ́ kí ìrun Àìlà mọ orúkọ ìrun náà, ó mọ̀ pé rákà mẹ́rin ni, ó mọ àsìkò rẹ̀, ó sì mọ ibi tí yóò kọjú sí. A kò rí ẹni tó ń sọ pé òun yóò kírun kan ṣá, lọ́jọ́ kan ṣá, iye rákà tó bá wu òun.

Ohun mẹ́rin yìí náà ni àfojúsùn fi yàtọ̀ sí ìfẹ́ ọkàn: orúkọ, iye, àsìkò àti kíbíláà, ìyẹn ìdí tí a fi ń ṣe é. "Mo fẹ́ lówó" kò ní ẹyọ kan nínú wọn. "Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan kí ọdún yìí tó parí, kí n lè máa fi owó hálálì bọ́ ọmọ mi" ní orúkọ, ó ní iye, ó ní àsìkò, ó sì ní kíbíláà.

Àpẹẹrẹ Markaz

Ní Agége níbí, àpẹẹrẹ tó tóbi ń bẹ lójú wa. Wọ́n bí Shaykh Adam Abdullah Al-Ilory ní ọdún 1917. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn onímímọ̀ ilẹ̀ wa, ó sì rìnrìn àjò dé Íjíbítì ní àwọn ọdún 1940. Nígbà náà, bí ọ̀pọ̀ ilé kéwú wa ṣe rí ni pé àwọn ọmọ á jókòó sórí ẹní yí áfáà ká, tàwọn ti wàláà lọ́wọ́. Kò sí kíláàsì, kò sì sí iye ọdún tí a dá fún ẹ̀kọ́. Bí ọmọ kan bá ṣe yá sí ni yóò ṣe parí.

Ọ̀pọ̀ áfáà ló fẹ́ kí kéwú tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n Shaykh fún ìfẹ́ náà ní orúkọ àti ìlànà: ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí yóò ní kíláàsì, pátákó ìkọ̀wé, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952. Nígbà tó di ọdún 1955, ó kó o wá sí Agége.

Ẹ dákun, ẹ fi ọkàn sí ibí yìí. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò nílùú tí a ti dá a sílẹ̀. Ẹlòmíràn yóò pe irú ìyẹn ní ìfàsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Agége, kíbíláà kan náà ni yóò ṣì máa kọjú sí. Ibi ìdúró ló yí padà. Ní Agége ni Shaykh ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kún ilé-ẹ̀kọ́ náà, tó ń kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá lọ́kan-ò-jọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe títí Ọlọ́hun fi pè é ní ọdún 1992, ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Àpẹẹrẹ oníbúrẹ́dì

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ti àwọn onímímọ̀ nìkan nìyí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ òwò. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, dé sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n òwò kò mọ ẹ̀yà. Ní ọdún 1921, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èbúté Mẹ́ta. Kò lé òwò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Búrẹ́dì ló dì mú. Òun la sì mọ̀ mọ́ mímú ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ iṣẹ́ náà nílẹ̀ wa. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì Agége kì, kó sì máa fà lọ́wọ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Nǹkan kan tí ènìyàn di mú dáadáa lè bọ́ ìlú fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ohun tí ọwọ́ wa ká àti ohun tí kò ká

Ìkẹjà náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni Dunlop tó ń ṣe táyà. Ní ọdún 2008, ó dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Owó iná àti dísù ti wọ́n jù, ìjọba sì ti dín owó ibodè orí táyà ilẹ̀ òkèèrè kù, táyà olówó pọ́ọ́kú wá kún ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dáadáa bọ́ sílé láìṣẹ̀ láìrò.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí a má gbé gbogbo àfojúsùn wa lé ohun tí ẹlòmíràn lè fi ọ̀rọ̀ kan yí padà. "Ọ̀gá yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi lọ́dún tó ń bọ̀" wà lọ́wọ́ ọ̀gá. "N ó kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún oṣù mẹ́fà" wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ká sọ pé ọmọbìnrin kan ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ṣọ̀ọ́bù, tí ẹ̀rọ tó fẹ́ rà sì jẹ́ 360,000 náírà. Bí ó bá fi ọdún kan sí i, 30,000 náírà ni lóṣù. Bí ó bá ń dá àjọ 1,200 náírà lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ lóṣù, 31,200 náírà ni. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, yóò wá ku 30,000 náírà géérégé. Owó tó dà bí òkè ti di 1,200 náírà lójúmọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká 1,200, kí ó dá 600 fún ọdún méjì. Èyí sàn ju kí ó yá owó elélé lọ, èyí tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa o. Ohun tó ń jẹ owó yìí kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Aṣọ ẹbí òní, ìnáwó ọ̀la, ká má bàa dà bí ẹni tí kò rí já jẹ, ń kó owó ẹ̀rọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mọ kíbíláà rẹ̀ yóò lè sọ pé, "Ẹ má bínú, agbára mi ò ká a lọ́tẹ̀ yìí."

Lẹ́yìn gbogbo ètò, ti Ọlọ́hun ló kù. Súrà Kahf kọ́ wa pé kí a má sọ̀rọ̀ ọ̀la láìfi ti Ọlọ́hun ṣe. Àwọn kan ń fi In shaa Allah bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ṣe ipa tirẹ̀ tán ni, tó wá fi ìyókù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ nǹkan kan ṣoṣo síbẹ̀: orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹ fi han ọkọ tàbí ìyàwó yín, tàbí ọ̀rẹ́ kan tó lè bá yín wí. Lópin oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀nà kan bá dí, ẹ wá òmíràn, kí ẹ má ṣe yí kíbíláà padà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ ayé wa lọ lásán. Àmín.