Agídìgbo Tó Sọnù Nínú Sípíkà

Àwo Oroki Social Club tí Haruna Ishola ṣe ní 1971 ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Bí Haruna bá ń kọrin lọ, agídìgbo á máa dún nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì. Ohùn yẹn la fi ń mọ̀ pé ara tu bàbá wa.

Nígbà tí wọ́n papò dà, èmi ni wọ́n fi ampilifáyà àti sípíkà méjèèjì sílẹ̀ fún. Mo kó wọn lọ sí ilé wa tuntun n'Ìbàdàn. Ampilifáyà jìnnà sí sípíkà ní mítà 12, oníná sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù lára ti bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà so wọ́n. Mo gbé àwo sí i. Haruna wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ agídìgbo.

Ẹni tí mo bá lọ́jà ní wáyà ló fà á. Ó mú ọ̀kan tó nípọn bí ìka jáde, owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ oṣù kan nílé mi. Mo rà á, nítorí bàbá mi. Bí oníná ṣe so ti àkọ́kọ́ náà ni mo ṣe so ó. Ohùn lọ sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n agídìgbo kò dé.

Bàbá kan tó ń tún rẹ́díò ṣe ládùúgbò ló wá wò ó. “Ìyá Tọ́lá, ẹ fún mi ní òkúta tọ́ọ̀ṣì kan.” Ó fi kan ẹnu wáyà fẹ́ẹ́. Awọ sípíkà ọ̀tún ta síta. Ti òsì wọlé. Wọ́n ti gbé pupa sí ojú dúdú lẹ́yìn ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ni sípíkà ń tì: bí ọ̀kan bá ń tì í wá nígbà tí èkejì ń fà á padà, wọ́n á máa pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì máa ń kú jù. Bàbá náà yí wáyà méjì yẹn padà. Agídìgbo wọlé, mo sì sunkún.

Wáyà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́ ṣá. Ìnípọn ti bẹ́ẹ̀lì yẹn kò ju 0.5 mm² lọ. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 24, èyí tó fún un ní ìdènà bíi 0.8 óòmù. Óòmù 8 ni sípíkà bàbá mi. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tó ń bọ̀ wá ló ń di ooru lásán lójú ọ̀nà. Óòmù sípíkà kì í sì í dúró sójú kan, ó ń yí bí ohùn ṣe ń yí, nítorí náà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa jẹ nínú ohùn kan ju òmíràn lọ. Ìdènà wáyà 2.5 mm² tí oníná fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní ju 0.17 óòmù lọ fún ọ̀nà kan náà. Bí ìdènà wáyà tiyín kò bá ti kọjá 0.4 óòmù fún sípíkà óòmù 8, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi abẹ ha ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Wọ́n ń ta alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò: inú rẹ̀ á funfun, kì í sì í gbé iná tó bàbà gidi.

Mo ra 2.5, mo ní kí Tọ́lá fi aṣọ bo ẹ̀yìn ampilifáyà, kó máa fi 2.5 yìí àti wáyà olówó gọbọi yẹn ṣe pààrọ̀ ní ìgbà 10 láìsọ fún mi, kí n sì máa sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Mo gba 5, mo ṣì 5. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ orin náà lè gba 5. James Randi, onídán ní Amẹ́ríkà, fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ àwọn tó ń yin wáyà olówó ńlá ní 2007, ó fi mílíọ̀nù kan dọ́là lé e. Ẹnikẹ́ni kò gba owó náà.

Lẹ́yìn náà ni mo fa sípíkà kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìyàtọ̀ ti ìyẹn ni mo gbọ́ kedere, láìsí pé ẹnì kankan sọ fún mi.