Ọmọ tó ń pe Ṣ ní S: ẹ má tètè yọ pàṣán sí i

Ẹni tó ní kí ọmọ sá igi ń fẹ́ kó tẹ́ igi ìdáná sínú oòrùn. Ẹni tó ní kó ṣá igi ń fẹ́ kó gbé àdá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òsì, tí í ṣe ẹnìkejì ọ̀tún, kì í ṣe òṣì tí kálukú ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú jìnnà.

Síbẹ̀, àwọn Yorùbá kan wà tó jẹ́ pé s nìkan lẹnu wọn mọ̀. Èyí tí aráyé mọ̀ jù nínú wọn ni àwọn ọmọ bíbí Ìbàdàn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwé ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, tó kọ "isẹ́" dípò "iṣẹ́", àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ sì lè pè é ní olóríkunkun. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oríkunkun, ti etí ni.

Etí a máa kó àwọn ìró tó jọra sínú àpò kan náà, bí èdè tí wọ́n fi tọ́ni dàgbà bá ṣe là á sílẹ̀. Yorùbá kò ní z, kò sì ní v. Ìdí nìyí tí Zainab fi di Sáínábù lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n èdè Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, tí wọ́n ń sọ lágbègbè Ìpókíá títí wọ ilẹ̀ Benin, ní méjèèjì.

Lọ́dún 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn ọmọ ọwọ́ oṣù 6 sí 8 tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ́ mọ ìyàtọ̀ àwọn ìró kan nínú èdè Híńdì ti ilẹ̀ Íńdíà, èyí tó ń da àwọn àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì láàmú. Nígbà tó fi máa di oṣù 10 sí 12, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Etí wọn kò di. Ti ilé ló gbájú mọ́.

Ọ̀ràn s àti ṣ ti gbẹ̀mí rí. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12, ẹgbàá mọ́kànlélógún (42,000) ará Efraimu ló kú nínú ogun tí wọ́n ti ń fi "Ṣiboleti" dán àwọn tó ń sá kọjá odò Jọ́dánì wò. Ẹni tó bá pè é ní "Siboleti," ó kú nìyẹn.

A lè kọ́ etí. Àwọn ará Japan tó ń da r àti l Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ti fi ìdánrawò gbígbọ́ mọ̀ ọ́n sí i, ẹnu wọn náà sì tún ṣe. Kí òbí tàbí olùkọ́ máa pe sá àti ṣá, òsì àti òṣì, kí ọmọ na ọwọ́ kan fún s, ọwọ́ kejì fún ṣ, kí a tó ní kó pè é. Pàṣán kò lè mú ẹnu pe ohun tí etí kò tíì gbọ́.