Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Àkọsílẹ̀ Aláìsàn Wà?

Bí aláìsàn kan bá gbéra láti Ìfira-Àkókó, tí àìsàn rẹ̀ sì kọjá ohun tí wọ́n lè tọ́jú nítòsí ilé, wọ́n lè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó wà ní Ìkàrẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè darí rẹ̀ sí ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tàbí kí wọ́n gbé e dé Ilé-Ifẹ̀ pàápàá. Níbi kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé, ìbéèrè kan náà ni oníṣègùn yóò bi í: Kí ni wọ́n ti ṣe fún un? Oògùn wo ni ó ti lò? Èwo ni ara rẹ̀ kọ̀? Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ó ní? Bí ìdáhùn bá wà ní àkọsílẹ̀, ìtọ́jú yóò yá. Bí kò bá sí, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìpìlẹ̀, owó yóò tún jáde, àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi gba ẹ̀mí là yóò sì ṣòfò.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ aláìsàn kì í ṣe ìwé lásán. Òun ni ìrántí ilé-ìwòsàn. Ní ayé káàdì àti fáìlì, ọ̀tá ìrántí yìí kò ju ikán, òjò àti àìbìkítà ènìyàn lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó ṣẹ́gun ikán àti òjò, ó sì mú kí wíwá orúkọ ẹnì kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro tuntun wá pẹ̀lú, èyí tí ojú kì í tètè rí. Fáìlì tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé lè ṣí i kà. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, àfi ẹni tí ètò inú kọ̀ǹpútà náà bá gbà láyè. Ọwọ́ ta wá ni kọ́kọ́rọ́ wà: ọwọ́ ilé-ìwòsàn ni tàbí ọwọ́ òǹtajà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ilé-ìwòsàn sábà máa ń gbà kó sínú àhámọ́ òǹtajà. Èkíní ni pé kí ètò náà máa fi àkọsílẹ̀ pamọ́ ní ọ̀nà tí ètò mìíràn kò lè kà. Ní ọjọ́ tí ilé-ìwòsàn bá fẹ́ yí padà, yóò rí i pé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá kò lè bá òun jáde. Èkejì ni owó láísẹ́nsì tí wọ́n ń san lọ́dọọdún, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ dọ́là. Bí náírà bá ti ń já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni iye aláìsàn kò yí padà. Ẹ̀kẹta wà ní yàrá àyẹ̀wò. Àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í gba èròjà mìíràn àfi èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n bá tà. Wọ́n lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ilé-ìwòsàn ní owó pọ́ọ́kú, tàbí ní ọ̀fẹ́ pàápàá, nítorí pé orí èròjà ni èrè wà. Bí èròjà bá wọ́n ní ọjà, tàbí tí kò tètè dé, ẹ̀rọ olówó gọbọi yóò dúró bí ère, aláìsàn yóò sì máa wá ibòmíràn lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìgbà tí ó yẹ kí ilé-ìwòsàn wo igi yìí ni ọjọ́ tí kò tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Òfin pàápàá fi ìdí èyí múlẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 gbé e lé ẹni tí ó ń ṣàkóso ilé-ìwòsàn lórí pé kí ó rí i pé wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ ìlera fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì pa á mọ́. Òǹtajà kọ́ ni òfin di ẹrù náà lé. Báwo wá ni ẹni tí òfin yóò bi léèrè ṣe lè gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí òfin kò bi?

Àpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe lè ṣe é lọ́nà mìíràn kò jìnnà sí Àkókó. Ilé-Ifẹ̀ ni ó wà. Láti 1989, Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì náà, àti Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland pawọ́ pọ̀ láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. (Yunifásítì Kuopio yìí ni ó di apá kan Yunifásítì Ìlà-Oòrùn Finland ní 2010.) Wọn kò ra ètò tí a tì pa. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ni FileMan, tí àwọn ilé-ìwòsàn àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ń lò. Èdè kọ̀ǹpútà MUMPS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn kan ní ìlú Boston láàárín 1960 sí 1969, ni wọ́n fi kọ ọ́. Owó ìlú ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe FileMan, nítorí náà ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti tú u wò, àti láti tún un ṣe bí ó ṣe wù ú.

Ní 1992, wọ́n ti ròyìn ìrírí ọdún kìíní wọn ní àpéjọ àgbáyé MEDINFO ní Geneva. Nígbà tí ó yá, tí kọ̀ǹpútà oníWindows gbòde kan, iṣẹ́ náà kò kú. Inú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní MINPHIS ti jáde, orúkọ tí ó ń kéde pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ilé-ìwòsàn mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí sì lò ó. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Nítorí pé àwọn tí ó wà nílé mọ bí wọ́n ṣe hun ètò náà, wọ́n lè yí i padà nígbà tí ayé yí padà. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwòsàn ni ó lè dá ètò tirẹ̀ kọ bí ti Ifẹ̀, kò sì pọn dandan. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí ohun tí wọ́n bá rà máa tẹ̀ lé ìlànà àjùmọ̀lò. Ẹ jẹ́ kí a fi ihò iná inú ilé ṣe àpèjúwe. Áyọ́ọ̀nù, fáànù àti rédíò lè wá láti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ ihò iná kan náà ni gbogbo wọn ń bọ̀, nítorí pé a ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí ẹnu wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yóò ṣe rí. Irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ìlera. HL7, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ń ṣe ìlànà bí ètò kọ̀ǹpútà kan yóò ṣe máa bá èkejì sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn. DICOM, tí ó gba orúkọ yìí ní 1993, ni ìlànà àwòrán inú ara, kí dókítà tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ lè fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wo àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn yà níbòmíràn. Bí ètò bá ń tẹ̀ lé irú ìlànà wọ̀nyí, a lè yọ apá kan rẹ̀ kúrò kí a fi tuntun sí i láìda gbogbo ilé wó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni DHIS2. Ní Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó lulẹ̀ ní 1994, ni gbòǹgbò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway sì ni ó ń bójú tó o. Ẹnikẹ́ni ni ó lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni Nàìjíríà fi ń kó ìròyìn ìlera jọ láti ìjọba ìbílẹ̀ dé Àbújá. Iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní agbègbè Ìsùà àti iye tí ó gbà á ní Ìkàrẹ́ lè pàdé nínú ìwé kan náà.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ yìí dùn létí lásán. Bí ètò ọ̀fẹ́ bá bàjẹ́ ní òru, ta ni wọn yóò ké sí? Ilé-iṣẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ tí ó lè dáhùn. Òótọ́ wà nínú èyí. Ètò tí a kò fi owó rà kò túmọ̀ sí pé kò ná ni lówó: ẹni tí yóò máa tún un ṣe yóò gba owó oṣù, iná mànàmáná gbọ́dọ̀ wà, àwọn nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà bá kó lọ sí òkè òkun, ètò tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu pàápàá lè di òkú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Bí ẹni tí ń tún ètò tí ó ṣí sílẹ̀ ṣe bá lọ, a lè wá ẹlòmíràn. Bí ẹni tí ó ni ètò tí a tì pa bá lọ, kò sí ẹlòmíràn tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí ilé-ìwòsàn má ra ọjà ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó rà á lọ́nà tí yóò fi lè kúrò níbẹ̀ bí ó bá fẹ́.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn tó tẹ ọwọ́ bọ ìwé, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí wọ́n bi òǹtajà, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú àdéhùn. Ǹjẹ́ a lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa jáde, ní ọ̀nà tí ètò mìíràn lè kà, láìsan owó ìtúsílẹ̀? Ìlànà àjùmọ̀lò wo ni ètò yìí ń tẹ̀ lé? Ta ni, yàtọ̀ sí ẹ̀yin, tí ó lè tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí? Bí ẹ bá kógbá sílé lọ́la, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa? Òǹtajà tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkólòlò yẹ ní ẹni tí à ń bá dòwò pọ̀. Èyí tí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ó ti dáhùn náà.

Nígbà tí aláìsàn ará Ìfira bá dé Ọ̀wọ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, kò ní béèrè ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì. Ohun tí ó nílò kò ju pé kí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.