"Mi Ò Ráyè": Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀jẹ̀ Tọrẹ fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò màmá mi bímọ ní ọsibítù kan nílùú Ìbàdàn. Ọmọ dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ kò dá. Wọ́n ní kí àwọn ẹbí lọ wá páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì wá. Màmá mi pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀. Agogo méjì ọ̀sán ku díẹ̀ kó lù. Mo wà lójú ọ̀nà láti lọ mú àwọn àbúrò mi méjì nílé ìwé, mo ní láti fún Ìyá Àgbà lóúnjẹ kí wọ́n tó lo oògùn wọn, iṣẹ́ kíláàsì tí mo gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì sì wà nínú báàgì mi. Mo ní, "Màmá, mi ò ráyè báyìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ délé."

Òótọ́ ni, mi ò ráyè. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn kò pé. Ẹ̀rù ló ń bà mí: ẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹ̀rù àyẹ̀wò, ẹ̀rù ohun tí mi ò mọ̀. Kí n tó délé, awakọ̀ kan tó ń gbé nítòsí Àǹtí ti fún wọn ní páìǹtì kan. Ìkejì, owó ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ rí. Àǹtí mi yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n "mi ò ráyè" tí mo sọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi bó ṣe ń lọ, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni kò bá má dẹ́rù bà mí mọ́ ká ní ẹnì kan ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀mí là ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara ènìyàn nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Bí wọ́n bá sì gbà á tán, wọn kò kàn lè gbé e fún aláìsàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B àti C, àti syphilis, kí wọ́n sì rí i dájú pé ó bá ti aláìsàn mu. Gbogbo èyí ń gba àkókò, ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò sì ní àkókò. Ẹ̀jẹ̀ tó lè tètè gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ là ni èyí tó ti wà nínú fíríìjì kí òun tó dé ọsibítù.

Fíríìjì náà kì í sì í pẹ́ ṣófo. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 35 sí 42 lọ, bí wọ́n tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa sínú òtútù. Platelet, ìyẹn ìpín tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, nǹkan bí ọjọ́ 5 péré ni. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, dídànù ni. Nítorí náà, àwọn tó ń fún wọn kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró.

Nílẹ̀ wa, ẹbí aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń rán lọ wá ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà yìí ní ewu tirẹ̀. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè fi àìsàn tirẹ̀ pamọ́ bí wọ́n bá bi í léèrè, kí wọ́n má baà dá a padà. Ẹni tó ń tà á lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń rọ gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n gbára lé àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ fúnra wọn, láìgbowó, láìsí ẹni tó ń fipá mú wọn. Ní Nàìjíríà, òfin tó dá National Blood Service Commission sílẹ̀ ní ọdún 2021 ló gbé ìbójútó ọ̀rọ̀ yìí lé àjọ náà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ẹ̀kọ́ tiwa náà wò ó díẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí bímọ yẹn, "fà" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lẹ́nu gbogbo ará ilé wa: "wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára awakọ̀ yẹn", "wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára". Nínú gbólóhùn méjèèjì, "wọ́n" ni olùwà. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Abájọ tó fi ń ṣe mí bíi pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. "Mo fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ" yàtọ̀. Èmi ni olùwà: èmi ni mo yan ọjọ́, èmi ni mo sì lè sọ pé mi ò ṣe mọ́.

Ta ló lè ṣe é?

Ọmọ ọdún 18 sí 65 ni wọ́n ń gbà, tó bá wọn kílò 50 ó kéré tán, tí ara rẹ̀ sì dá. Wọ́n á wo hemoglobin rẹ̀, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá lábàá ni 12 fún obìnrin àti 13 fún ọkùnrin, àwọn ibì kan sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í gba aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tó ń lo oògùn ibà lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lu etí tàbí tó fín ara, wọ́n á ní kó ṣì dúró ná. Ẹni tí wọ́n bá dá padà kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjọ́ mìíràn ni wọ́n á dá fún un.

Jẹ́nótáìpù àti oríṣi ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń pò pọ̀. AA, AS àti SS jẹ́ jẹ́nótáìpù: irú hemoglobin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn òbí wa ni wọ́n ń sọ. A, B, AB àti O ni oríṣi ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò kí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tó wọ ara ẹlòmíràn. Karl Landsteiner ló la ojú ọ̀nà ìmọ̀ yìí ní ọdún 1901. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 14 oṣù kẹfà, ni gbogbo àgbáyé fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lọ́dọọdún.

AS ni mí, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé wọn kò ní í gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì tó bá mi sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ń gba ti AS tó bá yege àyẹ̀wò, àmọ́ àwọn kì í gbé e fún aláìsàn SS tàbí ọmọ tuntun. Ọdún mélòó ni mo ti fi AS ṣe àwáwí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀!

Bí ọjọ́ náà ṣe lọ

Lálẹ́ tó ṣáájú, mo sọ fún wọn nílé. Ìyá Àgbà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí o fi ń rìn yẹn náà lo fẹ́ lọ fún wọn?" Mo ní, "Ìyá, yóò tún padà." Wọn ò dáhùn, ṣùgbọ́n láàárọ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n jẹun yó kí n tó jáde. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni mo jẹ. Lẹ́yìn tí mo já àwọn àbúrò mi sílé ìwé, mo gba bánkì ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo wọlé ní agogo 9:10.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀, àwọn kan sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Òótọ́ ló yẹ ká kọ, nítorí àyẹ̀wò kì í tètè rí àrùn tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Wọ́n wọ̀n mí, wọ́n wo ìfúnpá mi, wọ́n sì gún mi níka. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo sínú omi búlúù kan tí copper sulphate wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀kán náà bá tètè rì, hemoglobin ẹni náà tó. Bó bá léfòó, kò tó. Tèmi rì. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń pa èémí mọ́ra títí mo fi rí i nísàlẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà dùn mí bí ìgbà tí ìjàlọ bá ta ènìyàn, ó sì rọlẹ̀. Tuntun ni abẹ́rẹ́ àti àpò náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò wọ́n fún. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àpò náà fi kún. Ó gba mílílítà 450, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà.

Wọ́n ní kí n sinmi, kí n mu móòtì, kí n jẹ bisikíìtì. Àmọ́ mo rántí pé mo ní kíláàsì, mo dìde kánmọ́kánmọ́. Òòyì kọ́ mi. Wọ́n dá mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú mi wálẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Agogo 10:20 ni mo jáde. Gbogbo rẹ̀ kò pé wákàtí kan àti ààbọ̀.

Lẹ́yìn náà

Omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nítorí náà omi ló yẹ ká máa mu dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran àti ẹ̀dọ̀ máa ń ṣèrànwọ́, ọsàn tí a bá jẹ tẹ̀ lé oúnjẹ sì ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù inú wọn. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbé kẹ́ẹ̀gì omi; àbúrò mi ọkùnrin ló gbé e, ó sì ráhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọkùnrin lè tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Àpò kan náà lè ran ju ẹnì kan lọ́wọ́, nítorí wọ́n lè pín in sí sẹ́ẹ̀lì pupa, omi ẹ̀jẹ̀ àti platelet.

Bí a ṣe lè ráyè

Àwa tá à ń gbé pẹ̀lú ẹbí mọ̀ pé àyè kì í dédé yọ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Mo yan ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò tàbí ọjọ́ ọjà. Mo sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú, kí ẹlòmíràn lè gba iṣẹ́ tó wúwo ṣe. Mo sì bá ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ṣàdéhùn pé òun náà á lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí èmi lè gba nóòtì sílẹ̀ dè é. Ẹ kò ní láti dúró di ìgbà tí fóònù bá dún láti ọsibítù. Nígbà yẹn gan-an ni kì í sí àyè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá mi ti ọjà dé, wọ́n rí báńdéèjì lápá mi. Wọ́n ní, "Ta lo fún?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màmá."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń tú owó ọjọ́ náà jáde nínú àpò wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Èmi tí mo ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta yìí, ṣé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Wọ́n á yẹ̀ yín wò, Màmá. Tí ara yín bá dá, wọ́n á gbà á."