Yíyan Alùpùpù Kékeré fún Ìrìn Ojoojúmọ́ ní Ṣàgámù

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti di ẹrù lọ́rùn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ olùgbé Ṣàgámù máa ronú àtira alùpùpù tiwọn, tí wọn yóò máa gùn lọ síbi iṣẹ́, tí wọn yóò sì fi máa ṣeré jáde lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ń tà á a sì máa sọ pé èyí tó tóbi jù ló dára jù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà bíi 100, 125 tàbí 150 tí ẹ ń rí lára alùpùpù ń sọ bí àyè tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Bí àyè náà bá ṣe ń tóbi ni agbára ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni epo tí ó ń jẹ ń pọ̀. Fún ẹni tí ó ń ti Mákùn lọ sí Ọ̀fin tàbí Sábó, 100cc tó. Èyí tí a tọ́jú dáadáa lè rin nǹkan bí 50 kìlómítà lórí lítà epo kan. Ẹni tí ó bá ń gbé ẹlòmíràn sẹ́yìn lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìlíṣàn lójoojúmọ́ ni 125 tàbí 150 yẹ, nítorí ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń fi ipá lé kì í pẹ́ gbó. Bajaj Boxer àti TVS wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. A kò polówó ọjà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ ra irú èyí tí mẹkáníìkì àdúgbò yín mọ̀ ọ́n tún ṣe, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣòro rí rà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó lé e lórí. Bí ẹsẹ̀ yín méjèèjì kò bá tẹ ilẹ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ga jù yín lọ. Ohun tó wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ ni. Bí ó bá fẹ́ ṣubú nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò gbà yín.

Ewu tó tóbi jù fún wa ni pé ìlú wa wà ní oríta òpópónà Èkó sí Ìbàdàn àti èyí tó lọ sí Bìní. Atẹ́gùn tírélà tó ń sáré kọjá nìkan tó láti ti alùpùpù kékeré kúrò lójú ọ̀nà, 150cc kò sì yọ nínú rẹ̀. Ẹ máa gba ọ̀nà abẹ́lé, ìbáà tilẹ̀ jìn díẹ̀.

Owó tí ẹ bá fi ra èyí tó kéré ni kí ẹ yọ owó akoto gidi nínú rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn kan dé igbá àti ìkòkò sórí! Ẹ̀rín ni a fi ń rántí rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé akoto tó dára máa ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó há mọ́ orí, kí okùn rẹ̀ sì wà ní dídì.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹni tó bá ti tan án sílẹ̀ dè yín lè máa fi nǹkan pamọ́. Èéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásísì wé ti inú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.